Ẹsẹ̀ Tó Dákẹ́ Nínú Àká

Bí o bá fẹ́ rí ìjà Ìyá Ẹ̀dà, sọ fún un pé o fẹ́ pa nǹkan rẹ́. Má tilẹ̀ sọ ohun tí o fẹ́ pa rẹ́. Ṣáà sọ ọ́, kí o sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Obìnrin náà kì í jà nítorí ipò, kì í jà nítorí àga. Ẹni tó bá gba àga rẹ̀ nínú yàrá ìpàdé ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n fáìlì? Fáìlì tí kò lójú, tí kò nímú, tí kò lè dúpẹ́? Nítorí fáìlì, Ìyá Ẹ̀dà á ká aṣọ sókè, á bá ìjì jìjàkadì.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ni ó ti ń ṣiṣẹ́, fún àwọn tí ẹsẹ̀ àbínibí ti já kulẹ̀. Nísàlẹ̀ ni Agbẹ́sẹ̀ wà, láàárín eruku ike àti ariwo ẹ̀rọ. Bàbá kan ni tó máa ń wo ẹsẹ̀ ènìyàn kí ó tó wo ojú rẹ̀. Bí ó bá kí ọ láàárọ̀, bàtà rẹ ni ó ń kí, ìwọ kàn ń bá a dáhùn ni. Lókè ni Ìyá Ẹ̀dà wà, òun ni olùtọ́jú kọ̀ǹpútà. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà níbì kan, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò pè é mọ́, nítorí pé bí ó bá pàdé rẹ lórí àtẹ̀gùn, ìkíni rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀?" Ẹ̀dà kí ni? Kò ní sọ. Ohunkóhun tí o bá gbé dání.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹsẹ̀ nìyí. Ẹ̀rọ oníná kan á yí ibi tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ká, á sì fi ìwọ̀n rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ìwọ̀n yẹn ni wọ́n fi ń gbẹ́ ife tí ìyókù ẹsẹ̀ á máa wọ̀ sí. Ife àkọ́kọ́ kì í dára. Á bu èèyàn jẹ níhìn-ín, á bó o lára lọ́hùn-ún, onítọ̀hún á padà wá pẹ̀lú èébú lẹ́nu. Agbẹ́sẹ̀ á fá díẹ̀, á fi díẹ̀ kún un, wọ́n á tún ìwọ̀n inú fáìlì ṣe. Onítọ̀hún á tún padà wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa bá a lọ títí di ọjọ́ kan tí kò ní wá mọ́. Wọ́n á retí rẹ̀ títí, èébú kò ní dé. Ìgbà náà ni Agbẹ́sẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹsẹ̀ ti bọ́ sí i." Fáìlì ìkẹyìn yẹn, tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣí fún ọdún pípẹ́, ni ìsinmi onítọ̀hún. Lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ náà bá gbó, inú rẹ̀ ni wọ́n á ti gbẹ́ òmíràn, láìsí èébú, láìsí ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀gá tuntun wá dé. Kò pẹ́ tó wọlé tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Gbálẹ̀gbáta, nítorí pé ó gbé ìkòkò òdòdó kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó yọ aago kúrò lára ògiri, ó ní èyí tó wà lọ́rùn ọwọ́ oníkálukú ti tó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, tí wọ́n sì kọ́ nílé dáadáa. Kò lè pe àgbà ní "ìwọ" bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ lé e lọ́rùn. Bí ó bá fẹ́ bá ọ wí, á kọ́kọ́ kí ọ. Bí ó bá fẹ́ lé ọ níṣẹ́, á béèrè àlàáfíà ilé rẹ ná.

Ní ọjọ́ Ajé, ó pe Ìyá Ẹ̀dà sí ọ́fíìsì.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀bẹ̀ kékeré kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín."

Ìyá Ẹ̀dà mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ọ̀gá, àṣẹ tó ti wẹ̀ tó sì ti fín lọ́fínńdà ni. Ó dúró.

"Ẹ bá mi ṣètò iṣẹ́ àdáṣe kan sínú kọ̀ǹpútà ìpamọ́ yẹn. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó máa kó fáìlì oníbàárà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọdún mẹ́ta lọ sínú àká, ibi tí à ń kó fáìlì àtijọ́ pamọ́ sí. Bí ó bá ti lo ọdún kan nínú àká, kí ó pa á rẹ́. Fúnra rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu."

Iṣẹ́ àdáṣe, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìránṣẹ́ ni tí kò ní etí ìkejì. Ẹ̀ẹ̀kan ni wàá bá a sọ̀rọ̀: mú èyí, láti ibí, lọ síbẹ̀, ní ọjọ́ báyìí. Á máa ṣe é. O lè ti yí ọkàn padà, o lè ti kó kúrò ládùúgbò, o lè ti kú kí wọ́n sì ti gbàgbé rẹ, á ṣì máa ṣe é.

"Kíkó lọ sí àká, mo gbà," ni Ìyá Ẹ̀dà wí. "Ìyẹn dà bí kí èèyàn kó aṣọ òtútù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí òtútù bá dé, a ó bẹ̀rẹ̀, a ó fà á jáde. Ṣùgbọ́n ẹ tún ní kí n dáná sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó máa jó o lọ́dọọdún."

"Kọ̀ǹpútà ti kún, Mà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀rọ wo ẹsẹ̀ ọmọdé kan tán, kò ríbi gbé e sí. Ẹ̀kún ni ọmọ náà sun lọ sílé. Wọ́n ní kí wọ́n tún gbé e padà wá. Ṣé ìyẹn dára?"

Kò dára. Ìyá Ẹ̀dà gbé èyí mì bí ẹni gbé egbòogi mì. Ó wá ní, "Mi ò ní ṣe é."

"Ẹ máa fẹ́ kọ ìwé pé ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn, Mà."

"Mi ò ní kọ ọ́."

"Àbí kí n bá yín kọ ọ́?"

"Ẹ lè kọ ọ́. Mi ò ní kà á."

Gbálẹ̀gbáta to bírò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ó tún wọn tò. "Bí ẹ ò bá tíì ṣe é nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ẹ má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má bínú sí mi o, Mà. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà?"

"A dúpẹ́," ni Ìyá Ẹ̀dà fèsì, ó sì jáde.

Agbẹ́sẹ̀ ti gbọ́ kí ó tó dé ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ yẹn kì í lo àtẹ̀gùn. Àárín ihò ilẹ̀ pákó ló ń gbà.

"Wọ́n ní wọ́n ti lé yín," ló sọ fún bàtà Ìyá Ẹ̀dà.

"Wọn ò tíì lé mi. Wọ́n ṣì ń kí mi lọ́wọ́."

"Èmi ò sí níbẹ̀ o. Ọmọ wà lọ́rùn mi." Ó wò yíká, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ló ní kẹ́ ẹ kó. Kí ló dé tí ẹ ò kàn máa fọwọ́ kàn wọ́n? Ẹ ṣí i, ẹ tì í. Ẹ ṣí i, ẹ tì í. Ọjọ́ orí wọn á padà sí ti ọmọ tuntun. Ọ̀gá á rí iṣẹ́ àdáṣe rẹ̀, iṣẹ́ àdáṣe ò ní rí nǹkan kan kó."

Ọgbọ́n ni. Ọgbọ́n tó dára gan-an ni, Ìyá Ẹ̀dà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó dúró, ó rò ó, ojú rẹ̀ tilẹ̀ tàn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mi orí.

"Kí n máa yọ́ rìn bí olè nínú ilé tí mo ń tọ́jú? Bí mo bá kú, ta ló máa máa fọwọ́ kàn wọ́n? Rárá, bàbá. Bí mo bá máa kọ̀, ojúkorojú ni màá ti kọ̀."

"Ojúkorojú ni wọ́n máa ń rí èèyàn lé," ni Agbẹ́sẹ̀ wí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Ìyá Ẹ̀dà kò kọ́kọ́ yà sílé. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbà lọ, onídìrí tí ohun ìní rẹ̀ kò ju dígí gbọọrọ kan, àga mélòó kan àti ìyàrun lọ. Ẹ̀gbọ́n yìí wà lára àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti dákẹ́ nínú fáìlì. Orí ìdúró ló ń lo ojúmọ́, ẹsẹ̀ àbínibí ní ọ̀tún, ẹsẹ̀ Agbẹ́sẹ̀ ní òsì. Nígbà tí Ìyá Ẹ̀dà wọlé, orí oníbàárà kan wà láàárín ọwọ́ rẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ lé mi níṣẹ́, Àǹtí mi."

"Kí lo tún ṣe ẹ̀dà rẹ̀?"

Ìyá Ẹ̀dà jókòó, ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń dì í lọ, kò dúró, títí ọ̀rọ̀ fi tán.

"Tèmi wà nínú èyí tí wọ́n fẹ́ pa rẹ́?"

"Tiyín á wà nínú àwọn tó máa kọ́kọ́ lọ. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti yọjú síbẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ẹsẹ̀ mi ò ṣe mí ní nǹkan kan." Ó yí àga po láti dé ìhà kejì orí, kókósẹ̀ òsì sì dún, kéè, bí ilẹ̀kùn tó fẹ́ sọ àṣírí. Oníbàárà gbé ojú sókè nínú dígí.

"Ilẹ̀ ni," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Èmi náà wà lórí ilẹ̀ yìí," ni àbúrò fèsì. "Kókósẹ̀ yín ti ń gbó. Kò ní pẹ́ tí ẹ máa fi gba òmíràn. Bí ìwọ̀n yín bá ti pa rẹ́, ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ la tún máa padà sí."

Àwọn méjèèjì mọ ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n ń dirí níjòókòó, ẹ̀jẹ̀ ń wọ ìbọ̀sẹ̀, àwọn oníbàárà ń fi ìkáàánú sọ pé àwọn á padà wá, wọn kì í sì í padà wá.

Ẹ̀gbọ́n fa irun kan le. "Lọ ṣe ohun tí wọ́n rán ẹ."

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní lọ ṣe é. Ẹsẹ̀ lásán ni. Mo ti bá ọ̀kan jà rí, mo dá a. Màá tún bá òmíì jà. Ìwọ ńkọ́, bí wọ́n bá lé ẹ, ta ló fẹ́ gbà ẹ́? Ìwọ tí o ń tọ́jú ìdérí ike tí ike rẹ̀ ti sọnù."

"Mi ò ní ṣe é."

"Èmi ni mo ni ẹsẹ̀."

"Èmi ni mo ni fáìlì."

"Èmi ni mo ni orí," ni oníbàárà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Ìyá Ẹ̀dà lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni tí kò sí nǹkan kan lọ́kàn rẹ̀. Ó ń kí èèyàn, ó ń béèrè ẹ̀dà. Kò fọwọ́ kan iṣẹ́ àdáṣe. Gbálẹ̀gbáta ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà," òun náà á ní, "Ẹ kú àbójútó." Bí o bá rí wọn, wàá rò pé àna ni wọ́n.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Gbálẹ̀gbáta gbé kọ̀ǹpútà kékeré Ìyá Ẹ̀dà wá sórí tábìlì tirẹ̀, ó fa àga fún un, ó ní kó jókòó kó ṣètò rẹ̀ lójú òun. Ìyá Ẹ̀dà jókòó, ó ká ọwọ́ lé àyà. Wọ́n ń wo ara wọn bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró lórí àtẹ̀gùn: gbì, kéè. Gbì, kéè. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Ilẹ̀kùn ṣí láìsí "àgò".

"Ta ni ọ̀gá níbí?" ni ẹ̀gbọ́n béèrè.

Gbálẹ̀gbáta fò dìde. "Èmi ni, Mà. Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ìdúró ni iṣẹ́ mi."

Ó wá jókòó, nítorí pé kò sí bí èèyàn ṣe lè bọ́ ẹsẹ̀ lórí ìdúró. Ó ká aṣọ sí orúnkún, ó tú ìdè, ó yọ ẹsẹ̀ òsì kúrò tòun ti bàtà tòun ti ìbọ̀sẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì, sí àárín àwọn bírò tí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ.

"Pa á rẹ́," ló wí.

"Mà?"

"Mo ní kí o pa á rẹ́. Àbúrò mi ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọdún mẹ́ta lo fẹ́ pa rẹ́. Òun nìyẹn. Ṣé o mọ ohun tí kò jẹ́ kí n wá síbí?"

"Rárá, Mà."

"Torí pé ó dára ni. Àwọn tí ẹsẹ̀ ń bù jẹ ló ń wá bá yín. Àwa tí ẹ ṣe tiwa ire, a ti gba ibi iṣẹ́ wa lọ. Ìdákẹ́jẹ́ wa ni ìyìn tí à ń yìn yín. Ìyìn yẹn lo wá fi ń wá ẹni tí o máa gbá dànù. Bí ó bá jẹ́ ariwo lo fẹ́, ọmọ mi, sọ ọ́. Mo mọ ariwo í pa."

Agbẹ́sẹ̀ ti gun òkè wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ń sọ pé òun kò sí níbẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti nà wọlé. "Kókósẹ̀ yẹn ti ń lọ," ló wí.

"Ilẹ̀ ilé mi ló ń dún," ni ẹ̀gbọ́n fèsì láìwẹ̀yìn.

Gbálẹ̀gbáta wo ẹsẹ̀ náà títí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wo ohun tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe láti ìtòsí bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ó dáa, Mà. Ó yé mi. Bí kì í bá wá ṣe àwọn ẹsẹ̀ yìí ló kún kọ̀ǹpútà, kí ló kún un?"

Ìyá Ẹ̀dà ti ń retí ìbéèrè yìí látọjọ́ Ajé. Ó tún ara ṣe lórí àga bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé adé lé lórí.

"Fídíò ìpàdé yín ni. Gbogbo ìpàdé lẹ̀ ń gbà sílẹ̀, títí kan èyí tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wá. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. Kí gbogbo ayé rí i."

Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn. Ó ṣí ojúewé tó ń sọ iye ààyè tí oníkálukú ń jẹ. Àwọn ẹsẹ̀ oníbàárà: ìlà tíńtín. Fídíò ìpàdé: ìlà tíńtín mìíràn. Lábẹ́ wọn ni ìlà pupa kan wà, tó na gbalaja láti etí dé etí bí ẹni tó yó tó sùn sójú ọ̀nà. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni: Ẹ̀DÀ.

"Ẹ ṣí i," ni Gbálẹ̀gbáta wí.

Ó ṣí i. Nínú rẹ̀, ohun gbogbo inú kọ̀ǹpútà ló wà, àti àpótí kan tí wọ́n kọ Ẹ̀DÀ sí. Ó ṣí ìyẹn náà. Ohun gbogbo tún wà níbẹ̀, àti àpótí kan, Ẹ̀DÀ. Ó ń ṣí i lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra sí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣètò iṣẹ́ ẹ̀dà ojoojúmọ́, ìbéèrè kan jáde pé kí ni kó máa dà kọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè kejì ní ṣé ohun kan wà tó fẹ́ yọ sílẹ̀. Ẹlòmíràn á ti yọ àpótí ẹ̀dà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Ẹ̀dà kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ nǹkan sílẹ̀. Inú rẹ̀ á bàjẹ́. Nítorí náà, lójoojúmọ́ ni iṣẹ́ àdáṣe ń ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo, pẹ̀lú ẹ̀dà àná, tí ẹ̀dà ìjẹta wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dà ń lóyún ẹ̀dà. Ọmọ ń bí ìyá rẹ̀, ó sì tún ń gbé e pọ̀n.

Gbálẹ̀gbáta bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ó ga, ó sì tínrín, bí ti ọmọdé. Agbẹ́sẹ̀ di òpó ilẹ̀kùn mú kó má bàa ṣubú. Ẹ̀gbọ́n náà, tó wá gbèjà, rẹ́rìn-ín títí tó fi nu ojú. "Gbogbo rẹ̀," ló ń wí, "ó ní gbogbo rẹ̀."

Ìyá Ẹ̀dà kò rẹ́rìn-ín. Ọmọdé tó sunkún lọ sílé ló ń rò. Ó lè sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Kò sí ẹni tó máa mọ̀ nínú yàrá yẹn. Ọ̀gá gan-an kò mọ̀ ju títẹ bọ́tìnnì ìpàdé lọ.

"Èmi ni," ló wí. "Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Ọmọ tó sunkún lọ yẹn, èmi ni mo pa á lẹ́kún. Màá pe ìyá rẹ̀ fúnra mi, màá sọ fún un."

Ẹ̀rín tán. Gbálẹ̀gbáta nu ojú rẹ̀, ó jókòó, ó tún bírò tò yí ẹsẹ̀ tó wà lórí tábìlì ká. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin.

"Ẹ̀yin ìyá wa. Bí ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé iṣẹ́ bá gbọ́ èyí, wọn ò ní fi yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún wọn? Ojú mi lè fọ́. Etí mi lè di. Ẹ kó àwọn ẹ̀dà yìí kúrò, ẹ ṣètò iṣẹ́ àdáṣe mi bí mo ṣe wí, pẹ̀lú pípa rẹ́. A ò rí nǹkan kan, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ Ajé, ẹ̀yin àti èmi, ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́."

"Bí mo bá kó ẹ̀dà kúrò, ààyè á ṣí sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Kí lẹ wá fẹ́ pa ẹsẹ̀ rẹ́ fún?"

"Mo ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé màá ṣe é, Mà."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Agbẹ́sẹ̀ wo ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo àbúrò rẹ̀, gbogbo ariwo sì kúrò lára rẹ̀. Ó fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ṣe é fún un, ọmọ ìyá mi. Mo ti fi ẹsẹ̀ mi pa á láyà, kò ràn. Ẹsẹ̀ lásán ni. Di iṣẹ́ rẹ mú."

Ìyá Ẹ̀dà tú ọwọ́ tó ká lé àyà. Ó fà mọ́ tábìlì. "Ó dáa," ló wí, "ẹ jẹ́ kí n ṣètò rẹ̀." Ojú Gbálẹ̀gbáta tàn.

Ó kọ́kọ́ kó àwọn ẹ̀dà kúrò. Ìyà jẹ ẹ́ o. Bí ẹni tó ń fa eyín ara rẹ̀ ni. Ó ṣẹ́ ẹ̀dà kan péré kù, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé méjì ni. Ó yọ àpótí ẹ̀dà sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ààyè ṣí sílẹ̀. Ó wá ṣí iṣẹ́ tuntun. Orúkọ iṣẹ́: Àká Ẹsẹ̀. Ohun tó máa kó: fáìlì oníbàárà tó ti pé ọdún mẹ́ta láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ìgbà: ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn iṣẹ́. Ibi tó ń kó o lọ: àká. Gbálẹ̀gbáta ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi orí gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ti pípa rẹ́ ńkọ́, Mà?"

"Àpótí kékeré yìí ni. Bí a bá fi àmì sínú rẹ̀, á máa pa á rẹ́."

"Ẹ fi sí i."

"Rárá." Ó fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo, ó ṣí ojúewé tó kàn. "Mo ti ṣe ìdajì tiyín. Ìdajì tó kù, tèmi ni, mi ò sì ní fi pamọ́ fún yín. Àgádágodo ni wọ́n ń pe èyí. Ohun tó bá wọ àká lẹ́yìn tí mo bá tì í, ẹnikẹ́ni kò lè pa á rẹ́ títí ọjọ́ tí mo bá dá fún un á fi pé. Èmi ò lè ṣe é. Ẹ̀yin náà ò lè ṣe é. Ìgbìmọ̀ lè jókòó lé e lórí kí wọ́n pamọ, kò ní ṣí."

"Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ dá fún un?"

"Èyí tó jìnnà jù tó bá gbà."

Gbálẹ̀gbáta na ọwọ́ sí máòsì. Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n ló wà láàárín wọn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kò lè ti ẹsẹ̀ àgbà ṣubú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń gba ohun iyebíye lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì dúró, ó ń wá ibi tó máa gbé e sí, nítorí pé ó ti kó gbogbo àga tó ṣẹ́kù kúrò nínú ọ́fíìsì yẹn. Kọ̀ǹpútà béèrè ìbéèrè ìkẹyìn.

"Kí ló ń bi ẹ́?" ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ó ní ṣé ó dá mi lójú."

Ẹ̀gbọ́n wo ọ̀gá tó gbé ẹsẹ̀ òun mọ́ra bí ìkókó. Ó wo àbúrò rẹ̀. "Àgídí ni ẹ́ láti kékeré. Dá a lóhùn."

Ìyá Ẹ̀dà tẹ̀ ẹ́. Àgádágodo tì. Ó tún tẹ ibi tí wọ́n kọ "ṣe é báyìí" sí, nítorí pé kò fẹ́ dúró de ìrọ̀lẹ́. Àwọn fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àká lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ onímọ́tò, ẹsẹ̀ aṣọ́bodè, ẹsẹ̀ àwọn tó ti lọ síbi iṣẹ́ wọn. Ti ẹ̀gbọ́n kọjá, ó wọlé. Wọ́n wò ó títí gbogbo rẹ̀ fi wọlé tán.

"Ẹ ti lé ara yín níṣẹ́ nìyẹn, Mà," ni Gbálẹ̀gbáta wí.

"Ẹ̀yin lẹ máa lé mi. Mi ò ní bá yín pín iṣẹ́ yẹn ṣe."

Gbálẹ̀gbáta fi ẹsẹ̀ náà sí abíyá kan kó lè dúró dáadáa. "Mo lé yín, Mà. Ẹ má bínú."

"Mo gbọ́."

Agbẹ́sẹ̀ wọlé nígbà náà. Ó gba ẹsẹ̀ lábíyá ọ̀gá, ó yí kókósẹ̀ rẹ̀, ó gbọ́ ọ, kéè, ó sì mi orí. "Èyí kò ní ju oṣù yìí lọ. Ìyá Ẹ̀dà, ẹ bá mi fa ìwọ̀n rẹ̀ yọ nínú àká, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi nísàlẹ̀."

"Wọ́n ti lé wọn," ni Gbálẹ̀gbáta wí.

"Mo mọ̀," ni Ìyá Ẹ̀dà fèsì. "Ẹ ní sùúrù díẹ̀." Ó wọ inú àká, ó wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sísàlẹ̀. Ó wá kọ páàsìwọ́ọ̀dù sórí ìwé, ó gbé e síwájú ọ̀gá, ó sì dìde.

"Ọ̀gá," ni Agbẹ́sẹ̀ wí. Ojú Gbálẹ̀gbáta gan-an ló ń wò, kì í ṣe bàtà rẹ̀. "Mo ń lọ gbẹ́ ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ máa lé èmi náà, ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ tán."

Gbálẹ̀gbáta béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀.

Lórí àtẹ̀gùn, ọmọ ìyá méjèèjì jókòó, ẹ̀gbọ́n fara ti àbúrò, ìdajì aṣọ òsì rẹ̀ wà lófìfo. Nísàlẹ̀, ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, eruku funfun ń gba ojú ọ̀nà jáde.

"Ṣé o máa ríṣẹ́ míì?"

"Màá rí."

"Bí o ò bá rí ńkọ́?"

"Màá wá máa bá yín gbá irun nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù."

Ẹ̀gbọ́n rò ó. "Rárá o," ló wí. "O ò ní fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ mi. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, irun gbogbo ayé á ti kún ilé, o ò ní jẹ́ ká da ẹyọ kan nù."

"Ó lè jẹ́ pé wọ́n á padà wá béèrè rẹ̀," ni Ìyá Ẹ̀dà wí.